Ara Tó Ń Gbẹ Nílé Ìyá Bọ́láwùmí

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì 1997

Bí mo ṣe ń jáde nílé láàárọ̀ nìyí. Alẹ́ ni mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé sùn, kí n má baà máa wá a kiri nínú òkùnkùn. Bí àkùkọ bá kọ, màá fi ọ̀já di àyà mi, màá wọ bùbá, màá ró ìró lé e. Aṣọ pélébé kan wà tí mo fi ń di ọrùn ẹsẹ̀ òsì, èyí tó yẹ̀ ní Kàdúná — kò gbọdọ̀ le jù, kò gbọdọ̀ dẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, korobá. Korobá ni ìwé àṣẹ mi. Ọmọbìnrin tó ń sáré pẹ̀lú korobá, omi ló ń lọ pọn. Èyí tó ń sáré lọ́wọ́ òfo, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó ń lé e.

Bí mo bá kọjá ilé tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà Ọ̀rà, màá tú ìró, màá ká a sínú korobá, màá gbé e pamọ́ sábẹ́ igi kajú. Ó di eré.

Eré wo? Kò tíì jìnnà tí èémí fi tán. Èmi tí mo gba ipò kìíní nínú eré irinwó mítà nílé-ìwé wa ní Kàdúná. Mo di igi mú bí arúgbó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Máàṣì

Iyán lálẹ́. Iyán láàárọ̀. Ọ̀gá Ìkòkò — ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Bọ́láwùmí, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn — kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tiwọn títí màá fi jẹun tán. Wọ́n á jókòó sórí àpótí lójúkojú mi, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi láti inú abọ́ dé ẹnu.

“Sẹ̀gilọlá, òkèlè wo nìyẹn? Ṣé ẹyẹ lò ń bọ́ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gé òkèlè ńlá.

N kò lè bá wọn jiyàn. Èdè ibí gan-an kò yé mi tán. Bàbá mi kò fi Ìgbómìnà bá wa sọ̀rọ̀ rí ní Kàdúná. Ibi tí àwọn yòókù bá ti rẹ́rìn-ín ni èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6 Máàṣì

Fèrè — Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí, olùkọ́ eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ — ní òun yóò dán wa wò lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Obìnrin mẹ́rin ló ń wá, fún eré tí wọ́n ti ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ yóò ní ibùsùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìwọ ńkọ́, àbúrò? Ṣé o fẹ́ sáré ni àbí o wá wòran?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ibùsùn tèmi. Abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní máa wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Máàṣì

Mo sùn kọjá àkókò. Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó jáde, àwọn àgbà sì ti jókòó sí iwájú ilé wọn. Ta ni yóò sáré kọjá lójú àgbà? Mo kúnlẹ̀. Ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá rẹ ńkọ́? Kàdúná ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Mo dìde, mo sá díẹ̀, ilé mìíràn, mo tún kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ mi ju eré mi lọ. Nígbà tí mo dé ilé Bàbá Oyèdọ̀tun, mo juwọ́ sí wọn, mo kọjá.

Ìròyìn ti dé ilé ṣáájú mi. Wọ́n ní ọmọ Kàdúná gba iwájú àgbà kọjá bí ewúrẹ́. Ọ̀gá Ìkòkò ní kí n padà lọ kúnlẹ̀ fún bàbá náà. Mo lọ.

“Kí ló ń lé ọ, ọmọ mi?”

“Kò sí, bàbá.”

“Bí kò bá sí, máa rìn.”

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì

Mo sáré kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí láì dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Máàṣì

Ìró mi ń bọ́ sílẹ̀, ara ti ń fúyẹ́. Inú mi dùn, mo fún un le.

Ìyá Ràbíátù, aládùúgbò wa, rí mi láti ẹ̀yìnkùlé tiwọn. “Ìyá Bọ́láwùmí, ọmọ yín yìí ń gbẹ o.” Lálẹ́, ẹran méjì ló wà nínú ọbẹ̀ mi. Mo wo abọ́ tiwọn — kò sí ẹran níbẹ̀. Wọ́n dìde lọ bu omi. Mo kó ìyókù iyán sínú ewé, mo sì lọ dà á sílẹ̀ de àwọn adìẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Máàṣì

Ọ̀gá Ìkòkò rí adìẹ tó ń ṣa iyán mi ti alẹ́ àná jẹ. Wọ́n dúró wò ó pẹ́, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Ràbíátù ló pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, ṣé n kò bi ara mi léèrè ibi tí Bọ́láwùmí wà? N kò bi ara mi. Mo rò pé Èkó ló wà, bíi ti ọmọ gbogbo ará ibí.

Ó ní ilé yìí ni Bọ́láwùmí ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tèmi yìí lọ. Yóò ní òun ti yó, yóò sì máa da oúnjẹ fún adìẹ, kí ìyá rẹ̀ lè rò pé ó jẹ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé Òṣogbo, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

N kò ní pè wọ́n ní Ọ̀gá Ìkòkò mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Máàṣì

Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Bọ́láwùmí, mo ṣàlàyé. Pé eré ni mò ń sá. Pé mo sanra lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo sì fẹ́ padà sí bí mo ṣe wà. Pé n kò ṣàìsàn. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Bẹ́ẹ̀ náà lòun náà wí. ‘Màmá, kò sóhun tó ń ṣe mí.’”



Ọjọ́rú, 19 Máàṣì

Mo wọ ẹgbẹ́. Ipò kẹrin. Tẹ́júọlá ló ṣe ìkarùn-ún. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́rùn mi títí a fi dé ìlà. Ọrùn ẹsẹ̀ ń ta mí, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Fèrè bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun kò mọ̀ pé eré wà nínú ara yẹn. Ó ní kí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá buwọ́ lùwé fún ibùsùn lọ́la kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tí kò bá wá, ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n Tẹ́júọlá ni yóò gba ibùsùn rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu wálé. Mo bá ìyá ní pálọ̀. Wọ́n ti yọ aṣọ ìjáde wọn sórí àga, wọ́n sì ti yọ tèmi náà. Wọ́n ti bá Bólúwají awakọ̀ sọ ọ́ — ìdájí ọ̀la, ọsibítù, Òṣogbo.

“Kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní pẹ́.”

Wọ́n ká gèlè, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká. Ọ̀rọ̀ ibùsùn kò jáde lẹ́nu mi.

Lọ́la, màá wọ mọ́tò náà. Kí Tẹ́júọlá máa sùn lórí ibùsùn. Màá jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, kí wọ́n gbé mi sórí ìwọ̀n, kí wọ́n ṣe gbogbo èyí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe. Bí dókítà bá sì ti fẹ́ sọ èsì, màá ní kó yíjú sí ìyá, kó sọ ọ́ fún wọn, kì í ṣe fún mi. Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ọmọ wọn.