Ewúro Tí Màámi Fi Ránṣẹ́ Kẹ́yìn

Ẹ̀yin olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Iléeṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Oṣooṣù ni màámi máa ń fi ewúro gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi láti Ìkìrun, torí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó. Èmi náà á fi ike fítámì kan ránṣẹ́ sí wọn. Tí wọ́n bá bi mí lórí fóònù, mo máa ń ní mò ń jẹ ẹ́. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ṣíìfù, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la, kì í jẹ́ kí n dáná. Ìyá Kàfáyá, ìyá onílé wa, ni mo máa ń kó o fún. Tí mo bá bi màámi náà, wọ́n á ní àwọn ń lo fítámì àwọn déédéé.

Màámi ṣaláìsí lóṣù tó kọjá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn la ti bá ike mọ́kànlá. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú ẹ̀.

Mi ò tíì sunkún. Ewúro tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mi ò kó o fún Ìyá Kàfáyá. Ẹ bá mi bi àwọn àgbà tó ń gbọ́ wa: ìgbà mélòó ni wọ́n ń fọ ewúro gbígbẹ kó tó wọ ìkòkò? Màámi ni ǹ bá pè bi.