Àmì Kan Lórí Irun

Àlàmísì, 2 Ọ̀wàrà 2025
Ó yé mi lónìí. Ìrun mi kò kú. Ó ń sùn ni. Dókítà awọ gbé awò rẹ̀ lé iwájú orí mi, ó fi hàn mí lójú ẹ̀rọ: ihò kéékèèké, ìrun wínníwínní nínú wọn bí èéhù àgbàdo. Ní ẹ̀bátí, awọ ń dán. Ihò ti dí. Ibẹ̀ ò ní hù mọ́, àfi bí àwọn tó ń gbìyànjú láti mú ihò tuntun hù nílé ìwádìí bá rí i ṣe — kò tíì yá. Fún iwájú, ìpara wà. Nǹkan tuntun kan tún wà: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ apá mi, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i, wọ́n á gún omi rẹ̀ sí orí mi. Ó ń jẹ́ fáwọn kan, kì í jẹ́ fáwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa jẹ́, ó ní, bí ẹnì kan bá ṣì ń fà á. Ta ló ń dì í?

Mo wé ìborùn mi padà, mo dìde.

Àbámẹ́ta, 4
Ọwọ́-Irin — Tántì Fadilatou, àbúrò bàbá mi, onídìrí. (Ọwọ́-Irin yìí ò gbọdọ̀ jáde nínú ìwé yìí.) Àpótí. Eékún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, mẹ́ṣì, ìrun àtọwọ́dá, lórí itan wọn. Gbogbo Nàgó, Yorùbá tiwa ní Benin, tí mo gbọ́, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Lyon, ní Faransé tí mo dàgbà sí, ò kọ́ mi ní ẹyọ kan. Mo ṣe ọkàn gírí: "Tántì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ìrun sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀."

Ọwọ́ wọn dúró. "Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn?" Mo ní dókítà ni. Wọ́n kó mẹ́ṣì sínú àpò, wọ́n dìde.

Àìkú, 5
Tántì jí mi ní àsùbáà. Omi àlùwàlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 8
Àsùbáà lónìí náà. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Jímọ̀, 10
Bàbá Bouraïma, ọkọ Tántì, ló tú u, nídìí oúnjẹ ọ̀sán. "Dókítà tó ní kí èèyàn má kírun. Oògùn wo ló wá kọ fún ẹ — ọtí?"

Mo wọ yàrá, mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà níbi gbogbo. Irun ni ti orí. Ìrun ni ti Ọlọ́run. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Tántì wọlé bá mi. Ìborùn ti yọ̀ lórí wọn: ẹ̀bátí wọn ń dán bíi tèmi. Wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. "Nourhane, bóyá èmi ni mo le jù. Mi ò ní dárúkọ ìrun mọ́. Ṣáà wá jókòó lọ́la. Màá fà á dáadáa fún ẹ, kó pẹ́ lórí."

Ẹ̀rín tán.

Ní Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa níbí, líle yẹn ni wọ́n fi ń yìn wọ́n: ìdì Fadilatou kì í tú. Bí mo bá tún ohùn ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, pé irun orí ni mo wí, ọkàn wọn á balẹ̀ lórí àdúrà mi, wọ́n á sì gbọ́ èyí tó kù: pé dídì líle ló ń ba irun mi jẹ́. Bí mo bá jókòó láìsọ̀rọ̀, iwájú orí mi á dí bí ẹ̀bátí. Bí mi ò bá jókòó, ta ló máa bá mi sọ Nàgó?

Ìwé mi, ìwọ lo kọ́kọ́ gba àṣìṣe mi, gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ "ẹ dẹ ọwọ́" tí kò fi ní dún bí "ọwọ́ yín ló pa á"?