Owó Tí Mo Gbé Lọ Dá Padà ní Báńkì

Adúmáadán mi, ọmọ tí mo bí nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń ṣeré, tí wọ́n fi ń pè wá ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o máa ń jẹun kó o tó jáde? Ìlú ńlá yẹn ò ní gbé ẹ mì, ojú ò ní tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Àlàáfíà la wà. Àbúrò rẹ ti hu eyín, ọmú mi ló sì kọ́kọ́ fi dán an wò. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní aṣọ rírán ń gba owó ẹ̀rọ ìránṣọ tó yá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí, ó sì máa ń sọ pé irú mi kì í ra ẹ̀rọ.

Owó tó o ní kí n máa fi pamọ́ sínú fóònù, mi ò jẹ́ kó yẹ̀ o. Tí mo bá ti rán aṣọ kan tán, kí n tó fọwọ́ kan owó rẹ̀, màá mú díẹ̀ lọ bá ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ kékeré gba owó ní ìkóríta. Kódà ọjọ́ tó jẹ́ síìpù ṣòkòtò kan péré ni mo pààrọ̀, mo fi ti síìpù síbẹ̀. Tí fóònù bá wá dún pé owó ti dé, màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ ṣeun sà, torí mi ò mọ bí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe dàgbà tó.

Àmọ́ nǹkan kan bà mí lẹ́rù. Ṣé o rántí alájọ tá à ń dáwó fún tẹ́lẹ̀? Owó ọjọ́ àkọ́kọ́, tiẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń bá a jà sí i. Mo wá ń retí kí ẹni inú fóònù yọ tiẹ̀, kò yọ, mo ní bóyá ojú ló ń tì í. Àfi bó ṣe dún lọ́jọ́ kan tí mi ò fi kọ́bọ̀ síbẹ̀, tí owó sì lé! Àyà mi já. Mo ní owó olówó rèé o, wọ́n fi ń dẹ páńpẹ́ fún mi ni, tí n bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní olè ni mí, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo owó ẹ̀rọ tí mo ń kó jọ. Mi ò pè ẹ́, kí wọ́n má lọ kó ìwọ náà mọ́ mi. Mo pọn ọmọ, mo gba iye tó lé yẹn jáde ní ìkóríta, mo dì í sí etí aṣọ, mo fi owó ọjọ́ kan bíi ti alájọ kún un, ó di báńkì.

Ilẹ̀kùn onígíláàsì tí mo wọ̀, ẹ̀yìn tì, iwájú ò ṣí. Mo ní wọ́n ti mú mi. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ní ẹ má bínú, mo ti kó o wá, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn mi. Àṣé àlùmágàjí tó wà nínú báàgì mi ni ilẹ̀kùn ò fẹ́, ọlọ́dẹ ló pariwo kí n yọ ọ́.

Mo kó owó síwájú akọ̀wé kan, mo ní kó bá mi dá a padà fún ọ̀gá inú fóònù. Ó fọwọ́ bojú, mo ṣe bí ẹkún ló ń sun. Ó ní owó mi ló bímọ, pé wọ́n ń fi ṣòwò níbẹ̀, èyí ni ìpín tèmi. Mo ní alájọ wá ń sanwó fún ẹni tó ń dájọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí làwọn fúnra wọn wá ń jẹ? Ó ní kí n má yọnu, ebi ò pa àwọn. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn mi ní, ìyàwó, tó ò bá fẹ́ ẹ, èmi rèé o.

Akọ̀wé náà wá bá mi wo àpapọ̀ ẹ̀, torí èmi kì í wò ó, kí ojú má bàa wọ̀ ọ́. Ọmọ mi, pẹ̀lú èyí tí mo di sétí aṣọ, owó ẹ̀rọ pé! Mo ti rà á, dúdú ni, ẹlẹ́sẹ̀ ni, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, mo sì ti dá ti ọ̀gá mi padà pẹ̀lú ọpẹ́. Ó fi ọwọ́ pa tiẹ̀ yíká, kò rí àlèébù kankan sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ̀rọ ti kó gbogbo owó inú fóònù lọ, ó ku ẹyọ náírà kan ṣoṣo. Èmi ń fi tèmi kún un o, àmọ́ jọ̀ọ́, ìwọ náà fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, torí mi ò tíì rí ohun tó dá nìkan wà tó bímọ.

Tìrẹ náà á bí, á yè, á kún ilé.

Èmi ni ìyá rẹ tó tún jọ àbúrò rẹ.