Òrùka Ìyá Rẹ Ti Ń Padà Bọ̀ Wálé

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé alájà yẹn máa ń kí ọ láàárọ̀? Ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ níbẹ̀ kò ní lanu gbé ọ. Àwa náà wà, ìyá rẹ wà, ewúrẹ́ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ ìwé tí mo kọ́kọ́ fi kọ lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè wá tí kò wọlé. Má bínú, ọmọ mi, mo ti yọ́ fóònù náà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé kí o tó pariwo. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní sáyẹ́ǹsì gbé awò ojú rẹ̀ tó ṣẹ́ wá kí n bá a jó o pọ̀, bó ṣe jókòó ló ní wúrà wà nínú gbogbo fóònù. Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí mo ti ń rọ wúrà láti kékeré. Ó búra. Ó tún ní wúrà kì í ṣe ará ilẹ̀ rárá, inú ìràwọ̀ tó fọ́ kí ayé tó dáyé ló ti jábọ́, kì í dípẹtà, kì í kú, èyí tí wọ́n bá yọ́ níbí, ibòmíràn ni yóò ti yọjú. Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ náà máa ń sọ pé wúrà ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, pé ó ń wá ẹni tó ni ín kiri. Orí mi wú.

Ṣé o rántí pé nígbà tí o fẹ́ wọ yunifásítì, ìyá rẹ ló bọ́ òrùka tí mo fi fẹ́ ẹ, tó ní kí n lọ tà á? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rọ òrùka yẹn. Títí dòní, bó bá jókòó, á máa fi àtàǹpàkò ra ìka tí òrùka yẹn wà tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀, èmi á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó sì ń dùn mí wọra. Wàyí o, òrùka di owó ilé-ìwé, ilé-ìwé di iṣẹ́, iṣẹ́ ra fóònù, o wá fi fóònù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Ta ni kò ní mọ̀ pé òrùka yẹn ló ń bọ̀ wálé?

Mo bá ju fóònù náà sínú iná, mo fi ẹwìrì fínná. Àfi gbàù! Bátìrì ti bú, èéfín dúdú bo àdúgbò, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa sá jáde tòun ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ìyá rẹ bú mi kanlẹ̀, ó ní ohùn ọmọ òun ni mo sọ sínú iná yẹn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí eérú tutù, mo fọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ, mo sì rí i, kò tó orí èèrà, ó ń dán yinrin.

Mo ní kí ìyá rẹ na ọwọ́, mo gbé e lé ìka yẹn gan-an. Obìnrin tó ti ń bú mi láti àná gbé ọwọ́ náà sókè. Ó ń yí ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn àárọ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọge tí mo fẹ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Látìgbà náà, ọwọ́ kan ló fi ń gbálẹ̀, kó má baà jábọ́.

Nítorí náà, owó èédú díẹ̀ ni mo ń tọrọ, àti fóònù òkú. Gbogbo èyí tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, kó wọn sínú àpò. Má fi rán ẹnikẹ́ni o, ìwọ ni kí o gbé e wá, torí ìyá rẹ ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, a ò sì ní ohun tí a ó fi gbọ́ ọ mọ́.

O ò ní dípẹtà láyé. Ibi yòówù tí ayé bá yọ́ ọ sí, wàá mọ̀nà wálé.

Èmi ni bàbá rẹ, alágbẹ̀dẹ wúrà.