Ẹ̀rín Màmá Tó Wà Níwájú Ìwé Yìí

Ìbòkun nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí Màmá Láídé Ọláníran sí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1952, sínú ìdílé Adégoróyè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé, kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́ tápíìsì.

Ní 1976, wọ́n fẹ́ Bàbá Charles Ọláníran. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì kó wá sí Festac ní Èkó ní 1983. Ọdún méjìlélógún ni Màmá fi ka Bíbélì fún ìjọ, kò sì sí òǹtajà ọjà Agboju tó lè fi ọ̀rọ̀ borí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 2019, Màmá jí, ohùn ò jáde, omi ò kọjá lọ́fun. Bàbá rò pé Màmá ń bá àwọn yodì ni. Títí dé ọsibítù ni Bàbá ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ Màmá fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Nígbà tó kan fìríìjì Màmá tí wọ́n tà láìgbàṣẹ, Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu tí dókítà ní kí wọ́n là, tí kò là, ló wá ya gbàràgàdà! Ẹ̀rín yẹn ló tú àṣírí àrùn ọpọlọ tí kò wọ́pọ̀ yìí: ẹnu àti ọ̀fun kì í gbọ́ràn sí olówó wọn lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àti yíyán ń wá fúnra wọn. Màmá gba bírò, wọ́n kọ ọ́ pé: "Mo ti dárí jì wọ́n tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ."

Láti ìgbà náà, rọ́bà tí dókítà fi sínú ikùn wọn ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Màmá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Mi ò ní kú láìtún fi ẹnu mi gba Ara Olúwa." Inúolúwa, àbíkẹ́yìn wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ògì tó ki, ṣíbí kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, bí àwọn olùtọ́jú ṣe kọ́ ọ. Wọ́n á húkọ́ títí omi á fi dà lójú wọn, wọ́n á tún nawọ́ sí ṣíbí. Ó lé ní ọdún méjì.

Lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún 2022, Màmá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Àlùfáà ti búrẹ́dì bọ wáìnì, ó fi sí wọn lẹ́nu. Gbogbo ìjọ ń na ọrùn wo Màmá. Ó pẹ́. Ó wá wọlé! Bàbá ló kọ́kọ́ kígbe Halelúyà, wọ́n sì ta lu àlùfáà. Màmá bú sẹ́rìn-ín, Dammy ọmọ ọmọ wọn sì ya fọ́tò.

Oṣooṣù ni Màmá ń gbà á títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa ní oṣù kejì ọdún 2025. Bàbá, ọmọ mẹ́ta, Ìfẹ́dayọ̀, Olúwatóyọ̀sí àti Inúolúwa, pẹ̀lú ọmọ ọmọ méje ni wọ́n fi sáyé. Fọ́tò Dammy ló wà níwájú ìwé yìí; Bàbá ní àwọn ò fẹ́ òmíràn.

Màmá, ẹ sùn re o. Kò sí rọ́bà níbi tí ẹ lọ. Ẹ jẹun, kí ẹ yó.