Àtàǹpàkò Tíṣà ní Ẹnubodè

Ìsánlú,
Ọjọ́ Ajé.

Iredélé ọmọ mi,

Òkun o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Lugbe, ní Àbújá níbẹ̀? Ṣé ọkọ rẹ ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Idu déédéé, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run tó mú mi lọ tó mú mi bọ̀ yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, akọ ni méjèèjì. Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn àjò mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí n tó lọ purọ́ fún wọn, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, tí mo ń na ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ wa parí sí, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi kò rékọjá ẹnubodè kankan rí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sùn nígbà tí o sanwó ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́rin yẹn fún mi, pé kí n lọ wo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kí n tó kú.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ ní Àbújá, ẹ̀gbẹ́ Àlájà Àlímátù ni Kenny, ọmọbìnrin tó ń ṣamọ̀nà wa, fi mí sí. Opó ni Àlájà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta ìkòkò ní ọjà Wúsè. Ó sọ fún mi pé òun kò mọ̀wé, pé títẹ̀ka lòun máa ń tẹ̀ka sórí ìwé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yọ báírò, mo ní kí a tó dé Lọ́kọ́ja yóò ti máa kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní kí n má ṣèyọnu, oorun ń kun òun.

Nígbà tí a dé ẹnubodè, mo kọ́kọ́ wá ìlà. Nínú àwòrán ilẹ̀, ìlà dúdú gbọọrọ ni, ṣùgbọ́n okùn lásán ni wọ́n ta sójú ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ kan jókòó ti ẹ̀rọ tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ó ní kí n gbé àtàǹpàkò mi lé e. Iredélé, ara mi gbóná. Mo ní ṣé èmi Ọládùnjoyè, ọ̀gá ilé ìwé, ni wọ́n ní kó tẹ̀ka bí ẹni tí kò dé ilé ìwé rí? Mo ní kí wọ́n gbé ìwé wá kí n buwọ́ lù ú, kí wọ́n rí ìkọ̀wé. Lóòótọ́, nígbà tí mo ń gba ìwé ìrìnnà, ọmọkùnrin kan ti di gbogbo ìka mi mú lé nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ń bá mi bọwọ́ ni, mo sì súre fún un.

Oòrùn ń pa àwọn tó kù. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé kai, bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká máa lọ. Kenny ní tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀sì yóò lọ, èmi yóò sì jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ títí bọ́ọ̀sì yóò fi padà dé lọ́jọ́ kẹrin. Mo wo òdìkejì. Ewúrẹ́ kan ń rìn kọjá, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́.

Iná pupa ló yọ. Mo tún un tẹ̀, pupa. Ìgbà mẹ́fà, pupa, àfi bí báírò tí mo fi máa ń gé máàkì ọmọ ọlọ́mọ. Òṣìṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀kì àti ọkọ́ ti jẹ ojú ìka mi tán. Mo bẹ ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́, mo sọ fún un pé inú ló bí mi lẹ́ẹ̀kan, pé mi ò ní in sínú. Kò gbọ́.

Àlájà ló fà mí lápá. Ó bi mí pé tíṣà, ṣé ìdun lẹ fẹ́ pa ni? Ó ní kí n fi àtàǹpàkò nu iwájú orí kó lè mú òróró ara, kí n wá gbé e lé e pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Mo ṣe bó ṣe wí. Iná aláwọ̀ ewé tàn, gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Àlájà ní mo gbìyànjú, kí n lọ jókòó. Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo rékọjá, ọmọ mi. Erùpẹ̀ ibẹ̀ rí bí tiwa. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí o ti ń bẹ̀ mí kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ yín, tí mo ń ní ariwo Àbújá pọ̀ jù. Mo ti rò ó, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi ti fìlà tuntun kan kún un. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mi ò ní ìkòkò gidi kan nílé, ó sì yẹ kéèyàn fojú ara rẹ̀ yan ìkòkò. Má rẹ́rìn-ín.

Wọn ò ní rán ọ padà níbi tí o bá forí lé. Àwọn ọmọ rẹ yóò fọwọ́ mú ọ dé ọjọ́ ogbó.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí ẹ máa retí mi. Mo gbọ́ pé ọjà Wúsè kì í fi bẹ́ẹ̀ yá lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń tajà á ní àyè láti jókòó.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Ọládùnjoyè