Ìjàpá Òkun Nínú Fírísà Ìdẹ

Ilé Ìtọ́jú Ìjàpá Òkun,
Wynnum,
Queensland.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 2014.

Coralie, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ṣé orúnkún Neville ti gbà á láyè láti gun àtẹ̀gùn? Ṣé ọmọbìnrin yín ti sọ̀ layọ̀? Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì lẹ́tà rẹ. Ara mi le. Inú ló ń bí mi.

Àwọn ìjàpá òkun tún ti ń kú létí omi wa. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án, mọ́kànlá la ti rí tó ń pòòyì lójú omi, tí orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fura sí kòkòrò tíntìntín kan tó máa ń jẹ ìfun, tó sì máa ń ran ọpọlọ. Mẹ́jọ ti kú, mẹ́ta wà nínú ọpọ́n omi mi. Oògùn wà lọ́wọ́, àmọ́ ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, omi ara wọn sì ti gbẹ jù. N kò fẹ́ fún wọn láìsí ẹ̀rí, inú ìfun òkú tútù sì ni ẹ̀rí wà. Ìfun tó bá ti di yìnyín ti bàjẹ́. Ilé àyẹ̀wò kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Merv Haddow ló ń bá wa kó òkú wọn, bàbá tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ pa edé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé ẹ̀kẹjọ wá. Ó le bí òkúta.

Ó ní, "Dókítà, àárín ìdẹ nínú fírísà mi ni mo fi í sí láti àná. Gbóòórùn ẹ̀ wò, kò tiẹ̀ rùn."

"Merv, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti bẹ̀ yín. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kẹ́ ẹ pè mí."

"Nínú oòrùn yìí? Ọmọ mi, ọ̀lẹ ló ń fi ohun tó tinú òkun wá sílẹ̀ kó gbóná."

"Ẹ ò kúkú fẹ́ jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀. Ojú ló ń tì mí káwọn èèyàn rí i tó ń jẹrà lọ́wọ́ mi."

Bí àwọn ará èbúté wa ṣe rí nìyẹn. Bàbá mi náà ò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lẹ ìwé mọ́ fírísà rẹ̀ pé kó má fi ìjàpá síbẹ̀ mọ́. Ó kà á, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ó ṣòro láti bá ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ jà.

Lọ́sàn-án àná, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kú níṣojú mi, abo kékeré kan. Kí wákàtí kan tó pé, mo ti fi ìfun rẹ̀ ránṣẹ́. Ilé àyẹ̀wò pè mí láàárọ̀ yìí: kòkòrò náà ni, ó kún ibẹ̀ bámúbámú. Mo ti fún àwọn méjì tó kù lóògùn, ọ̀kan sì ti gbé orí sókè díẹ̀. Ẹ̀rí ti dé, Coralie, àmọ́ ara èyí tí mo fẹ́ fi í gbà là ni mo ti rí i.

Bá mi kí Neville àtàwọn ọmọ. Merv kò tíì gbọ́. Lẹ́yìn lẹ́tà yìí ni mò ń lọ bá a nílé.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Philippa.